Ta Ló Kó Àrùn Ran Ràkúnmí Àkọ́kọ́?

Ará aṣálẹ̀ kan ló gbé ọ̀rọ̀ wá síwájú Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a. Ànábì ti sọ pé kò sí àrùn tó ń dédé ràn. Ọ̀rọ̀ náà kò yé ọkùnrin yìí, nítorí pé ẹran ló ń dà. Ó ní àwọn ràkúnmí òun a máa ta kébékébé lórí yanrìn, ara wọn a máa dán, ṣùgbọ́n bí ràkúnmí kan tí awọ rẹ̀ ń yún, tí irun rẹ̀ ń re, bá ti wọ àárín wọn, gbogbo wọn ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yún ara. Ànábì fi ìbéèrè dá a lóhùn: ta ló kó o ran ti àkọ́kọ́?

Bukhari àti Muslim, tí àwọn Mùsùlùmí Súnnì fọkàn tán àkójọ hádíìsì wọn jù, ló gba ìtàn náà sílẹ̀ láti ẹnu Abu Hurayra, ọmọlẹ́yìn Ànábì. Láti ẹnu Abu Hurayra kan náà ni wọ́n tún ti gba àṣẹ mìíràn: kí ẹni tí ẹran rẹ̀ ń ṣàìsàn má ṣe dà á mọ́ ti ẹni tí ẹran rẹ̀ lera. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń bi ara wọn bí ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe lè jókòó pọ̀. Bí àrùn kì í bá ràn, kí ni ìyàsọ́tọ̀ wà fún? Bí ó bá sì ń ràn, kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́?

Kò sí ìdí láti rìn dé aṣálẹ̀ kí ìbéèrè yìí tó bá ènìyàn. Àrùn kan wà tó ń gbé e dé ẹ̀yìnkùlé àwọn tó ń sin ewúrẹ́ nílẹ̀ Yorùbá.

Kátà ni wọ́n ń pè é lábúlé àti lọ́jà ní gúúsù Nàìjíríà. PPR ni orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn dókítà ẹranko. Gargadennec àti Lalanne ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ sínú ìwé lọ́dún 1942, ní Côte d'Ivoire. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, ìbátan èyí tó ń fa èéyi lára ọmọdé sì ni. Kì í mú ènìyàn. Ewúrẹ́ ló ń bá jà jù, àgùntàn tẹ̀ lé e, bí ó bá sì wọ agbo tí kò bá a pàdé rí, ó lè pa mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá.

Ní ọ̀pọ̀ abúlé Yorùbá, ewúrẹ́ kì í gbé inú ọgbà. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọn a jáde lọ sí ààtàn, wọn a kọjá sídìí ibi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́, wọn a lọ sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni. Obìnrin ló ni púpọ̀ nínú wọn. Ìyá kan lè ní mẹ́ta, kí ó gbé ọ̀kan fún ọmọ àbúrò rẹ̀ láti bá a sìn, kí wọ́n sì jọ máa pín ọmọ tó bá bí. Ara ewúrẹ́ ni owó iléèwé ti ń jáde, òun náà ni wọ́n ń tà bí ara ọmọ kò bá yá lọ́gànjọ́. Nígbà tí kátà bá ń pa wọ́n, ohun tí ìdílé fi pamọ́ de ọjọ́ ìṣòro ló ń kú lọ lójú wọn.

Ẹni tó bá mọ ewúrẹ́ rẹ̀ á tètè fura. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà tí ẹran náà bá ti kó o, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ìwọ̀n ìgbóná ara ewúrẹ́ tó lera kì í sábà jìnnà sí 39 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ti oní-kátà á kọjá 40, á lè lé ní 41. Kò ní jẹun mọ́. Omi á máa dà lójú rẹ̀, ikun á máa ṣàn nímú rẹ̀, á kọ́kọ́ mọ́ gaara, lẹ́yìn náà á ki, á gbẹ, á dí ihò imú. Ìpéǹpéjú á lẹ̀ pọ̀ láàárọ̀. Egbò á yọ sí èrìgì, sára ahọ́n àti inú ètè, ẹnu rẹ̀ á sì máa rùn. Ìgbẹ́ gbuuru á dé, ikọ́ á tẹ̀ lé e, á wá máa mí gúlegúle. Oyún lè bàjẹ́ lára èyí tó ní i. Láàárín ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́wàá tí ara gbígbóná ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ á ti kú. Èyí tó bá yè é kì í sábà ṣe é mọ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Síbẹ̀, ojú nìkan kò tó láti fi pè é ní kátà. Ikọ́ àti ikun wà nínú àrùn ẹ̀dọ̀fóró tí bakitéríà ń fà. Egbò wà lẹ́nu ewúrẹ́ tí àrùn tí wọ́n ń pè ní orf ń ṣe. Aràn inú náà ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Ìdí nìyí tí dókítà ẹranko fi ń gba omi ojú, ikun àti ẹ̀jẹ̀ lára ewúrẹ́ tí ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná, tí á kó wọn sínú yìnyín ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò, níbi tí wọ́n ti lè fi àyẹ̀wò ELISA tàbí PCR wá fáírọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ti kú, ó lè là á láti yẹ inú rẹ̀ wò. Nínú ìfun ńlá, níhà ìsàlẹ̀, àwọn ilà pupa lè tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bíi ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà. Àwọn dókítà ẹranko kárí ayé mọ àmì náà.

Iṣẹ́ ilé àyẹ̀wò yìí kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn rárá. Ẹni tí kò mọ ohun tó pa ewúrẹ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó pa á. Ewúrẹ́ mẹ́ta tó kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan tó láti tú agboolé ká. Wọ́n á ní aládùúgbò tí wọ́n jẹ ewébẹ̀ rẹ̀ ló fi májèlé sílẹ̀. Wọ́n á ní orogún ló fi nǹkan sínú èèpo ẹ̀gẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń le, wọ́n á dárúkọ ìyá arúgbó kan tí kò lẹ́nìkan tó lè gbèjà rẹ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù lè pa ewúrẹ́ lóòótọ́ nítorí oró tó wà nínú rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi nǹkan sí i. Ṣùgbọ́n kíákíá ló ń pa á: láàárín wákàtí díẹ̀, mímí á nira fún ewúrẹ́ náà, á máa gbọ̀n, á ṣubú. Kò sí ìpele ara gbígbóná, kò sí egbò ẹnu, kò sí ikun tó ń ki lójoojúmọ́. Kátà ń gba ọjọ́, ó sì sábà máa ń dé lẹ́yìn tí ẹran tuntun bá ti wọlé. Ẹni tó bá lè fi ìyàtọ̀ yìí hàn lójú gbogbo ẹbí ti yọ aláìṣẹ̀ kan nínú ẹ̀sùn. Òfin Mósè ka ẹ̀rí èké mọ́ èèwọ̀. Kùránì kìlọ̀ pé apá kan nínú ìfura jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Àyẹ̀wò tó péye jẹ́ ọ̀kan lára ọ̀nà tí a fi ń pa òfin wọ̀nyẹn mọ́.

Ìtọ́jú rẹ̀ wá ńkọ́? Kò sí òògùn tó ń pa fáírọ́ọ̀sì kátà lára ewúrẹ́ tó ti kó o. Ohun tí dókítà ń ṣe ni pé ó ń ran ara ẹran lọ́wọ́ bí ó ti ń bá àrùn jà. Á fún un ní abẹ́rẹ́ oxytetracycline tàbí irú rẹ̀, nítorí àwọn bakitéríà tó máa ń gba ọ̀nà tí fáírọ́ọ̀sì là sílẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Á ní kí wọ́n máa fún un lómi oníyọ̀ àti ṣúgà, nítorí ìgbẹ́ gbuuru ń gbẹ omi ara. Ẹni tó ni ín á fi òwú àti omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ nu ojú àti imú rẹ̀ kí ó lè mí, á wá ewé rírọ̀ fún un, á sì fi í sí ibi gbígbẹ tí òjò àti atẹ́gùn tútù kò ti lè bá a. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ọ̀pọ̀ lè kú síbẹ̀.

Ewúrẹ́ kò lè sọ ibi tó ń dùn ún, bí ó bá sì yè, wọ́n á pa á jẹ lọ́jọ́ kan. Kí ló yẹ kó mú ènìyàn jí lóru nítorí rẹ̀? Ìwé Òwe inú Bíbélì ka ìtọ́jú ẹ̀mí ẹran ọ̀sìn mọ́ ìwà olódodo. Hádíìsì sọ ìtàn obìnrin kan tó jìyà nítorí ológbò tó tì mọ́lé láì fún un lóúnjẹ, àti ti ẹlòmíràn tí Ọlọ́run foríjì nítorí ajá tí òùngbẹ ń pa, tó fún lómi mu. Ológbò yẹn kì í ṣe ọrọ̀, ajá yẹn kì í ṣe ti ẹni tó fún un lómi. Ohun tí ìtàn méjèèjì ń wọ̀n ni ọkàn ẹni tí ẹ̀dá aláìlágbára bọ́ sí lọ́wọ́.

Ojúṣe mìíràn tún wà nínú ìtọ́jú náà tí a máa ń fojú fò. Òògùn kì í kúrò lára ẹran lọ́jọ́ tí a fún un. Pálí rẹ̀ máa ń sọ iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá kí a tó pa ẹran náà jẹ. Ẹni tó gún ewúrẹ́ lábẹ́rẹ́ láàárọ̀, tó tà á fún alápatà lálẹ́, ti fi òògùn bọ́ ọmọ ẹlòmíràn láì jẹ́ kí ìyá ọmọ mọ̀.

Ibi tí àríyànjiyàn ti gbóná jù ni ọ̀rọ̀ ìyàsọ́tọ̀. Àwọn ènìyàn rere wà tí kì í so ewúrẹ́ aláìsàn lọ́tọ̀, nítorí wọ́n gbà pé kádàrá ni. Èyí tí Ọlọ́run bá ní yóò kú, yóò kú. Nínú Ẹ́kísódù, ọwọ́ Ọlọ́run ni àjàkálẹ̀ àrùn tó pa ẹran ọ̀sìn àwọn ará Íjíbítì ti wá. Jóòbù pàdánù gbogbo agbo rẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ òdì. Ẹni tó dàgbà sínú ìtàn wọ̀nyí lè rò pé ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àrùn ń bá Ẹlẹ́dàá du nǹkan.

Umar, kálífà kejì, ti dojú kọ ìbéèrè yìí ní nǹkan bí ọdún 639. Ó ń lọ sí Síríà nígbà tó gbọ́, ní ibi kan tí wọ́n ń pè ní Sargh, pé àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ níwájú. Ó gbìmọ̀ pẹ̀lú àwọn àgbà, ó sì pinnu láti padà. Abu Ubayda, olórí ogun rẹ̀ ní Síríà, bi í bóyá ó ń sá fún kádàrá Ọlọ́run ni. Umar dáhùn pé inú kádàrá Ọlọ́run lòun ti ń jáde, inú kádàrá Ọlọ́run náà lòun sì ń bọ́ sí. Ó wá fi ọ̀rọ̀ ẹran ṣàlàyé rẹ̀: bí ènìyàn bá da ràkúnmí rẹ̀ dé àfonífojì tí apá kan rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, tí apá kejì sì gbẹ táútáú, apá yòówù tó bá dà wọ́n sí, kádàrá Ọlọ́run kọ́ ni? Umar padà sí Mẹ̀dínà. Abu Ubayda dúró ti àwọn ọmọ ogun rẹ̀, àrùn náà ló sì pa á.

Àwọn méjèèjì ni ìtàn ṣì ń fi ọ̀wọ̀ dárúkọ, àríyànjiyàn náà kò sì parí síbẹ̀. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn ńlá tó dé Sípéènì ní 1348, Ibn al-Khatib, oníṣègùn àti mínísítà ọba ní Granada, kọ̀wé pé àkóràn wà, nítorí ojú rí i: ẹni tó sún mọ́ aláìsàn ń kó o, ẹni tó jìnnà sí i ń bọ́. Ó ní bí ohun tí ojú rí bá tako bí a ṣe lóye ọ̀rọ̀ kan, a gbọ́dọ̀ tún òye wa yẹ̀ wò. Ní Káírò, onímọ̀ hádíìsì kan, Ibn Hajar, tí àjàkálẹ̀ àrùn pa àwọn ọmọbìnrin rẹ̀, kọ ìwé ńlá lórí ọ̀rọ̀ kan náà, kò sì gbà pé àrùn lágbára láti ràn fúnra rẹ̀.

Bí kátà ṣe ń rìn lè ran onígbàgbọ́ lọ́wọ́ níbí. Nínú èémí, nínú ikọ́, nínú sísín, nínú ikun tó kán sínú ọpọ́n omi ni fáírọ́ọ̀sì náà ń gbà jáde. Bí ó bá ti kúrò lára ẹran, kì í pẹ́ kú. Oòrùn àti ọ̀gbẹlẹ̀ ń ṣẹ́gun rẹ̀. Ewúrẹ́ ló sábà máa ń gbé e dé ọ̀dọ̀ ewúrẹ́. Agbo yìí gbà á lára òbúkọ tí wọ́n rà lọ́jà, òbúkọ gbà á nínú ọkọ̀ tó gbé e wá, èyí tó wà nínú ọkọ̀ gbà á níbòmíràn. Bí a bá ń tọ ẹ̀wọ̀n náà lọ sẹ́yìn, oríkèé kan tẹ̀ lé òmíràn, a ó dé ibi tí ìbéèrè Ànábì ti ń dúró dè wá, níbi tí kò ti sí ewúrẹ́ mìíràn láti tọ́ka sí. Onígbàgbọ́ lè fi ibẹ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́ láì bẹ̀rù pé òun ń tako ìmọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n ní orí mìíràn, èyí tó wà láàárín ewúrẹ́ tó ń wúkọ́ lónìí àti ti aládùúgbò tí kò tí ì wúkọ́. Ibẹ̀ ni àṣẹ kejì ti ń ṣiṣẹ́, pé kí a má da aláìsàn mọ́ èyí tó lera. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bá ara wọn jà. Ẹni tó bá fi àkọ́kọ́ yẹ èkejì sílẹ̀ ti gbé ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ sọ sí ọ̀run. Yorùbá kò fi irú èyí ṣeré: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Ọjọ́ ọjà ni ìdánwò gidi. Ìyá tó rí ikun nímú ewúrẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ mọ̀ pé bí òun bá tà á lónìí, òun á rí nǹkan mú. Lọ́la, owó rẹ̀ á ti já. Lọ́túnla, ó lè ti kú, ẹran òkúǹbete sì ni, tí Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ jẹ. Bí ó bá nu imú rẹ̀, tó fà á dé ọjà, ẹni tó rà á á mú kátà wọ ilé láì mọ̀. Hádíìsì sọ pé Ànábì ti ọwọ́ bọ àárín òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, ó bá a pé abẹ́ rẹ̀ tutù, ó sì bá ẹni tó ń tà á wí pé kò fi èyí tó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i. Wòlíì Málákì náà bínú sí àwọn tó ń mú ẹran arọ àti aláìsàn wá sórí pẹpẹ. Ẹran tí àìsàn rẹ̀ hàn gbangba kò tọ́ láti fi ṣe ọdún Iléyá.

Ìjọsìn gan-an ló sì ń mú ẹran rìn jù. Bí Iléyá tàbí Kérésì bá ń bọ̀, ọkọ̀ á máa kó ewúrẹ́ àti àgbò láti òkè Ọya bọ̀ ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó. Ewúrẹ́ ni wọ́n fi ń bọ Ifá, àgbò ni ti Ṣàngó. Ewúrẹ́ òkè Ọya sábà máa ń fara da kátà ju ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa lọ. Ó lè ṣì máa rìn, kí ó máa jẹun, kí ó sì máa tú àrùn ká. Nítorí náà, ẹni tó ra ẹran tuntun níláti so ó lọ́tọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó jẹ́ kó bá àwọn tó kù jẹun. Fún ẹni tó ń ra ẹran sìn Ọlọ́run, mo gbà pé ìyàsọ́tọ̀ yìí wà lára ìsìn náà.

A sì ní ohun tí ará aṣálẹ̀ yẹn kò ní. Lára ẹran ilẹ̀ Nàìjíríà ni wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì kátà tí wọ́n ń pè ní Nigeria 75/1, ní 1975. Adama Diallo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ di aláìlágbára nínú ilé ìwádìí, wọ́n sì kéde iṣẹ́ náà ní 1989. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kan ṣoṣo láti ara rẹ̀ ń dáàbò bo ewúrẹ́ fún ọdún mẹ́ta, ó kéré tán. Ilé ìwádìí àrùn ẹranko ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń gún un, ó dára kí ọmọ ewúrẹ́ ti pé nǹkan bí oṣù mẹ́rin, nítorí ààbò tó gbà nínú wàrà ìyá rẹ̀ lè máà jẹ́ kí abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́ ṣáájú ìgbà náà. Inú òtútù ni abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wà títí á fi dé abúlé.

Àrùn màlúù tó jẹ́ ìbátan kátà, rinderpest, ti kúrò láyé pátápátá. Wọ́n kéde rẹ̀ ní 2011. Ní 2015, ní Abidjan, àjọ FAO àti àjọ ìlera ẹranko àgbáyé gbé ètò kalẹ̀ pé kí kátà tẹ̀ lé e lọ nígbà tó bá fi máa di 2030. Kò tí ì lọ. Láti ìparí 2016 wọ 2017, ó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún saiga, ẹran ìgbẹ́ kan tó ṣọ̀wọ́n, ní Mòǹgólíà. Ní 2024, ó yọ ní Gíríìsì àti Ròmáníà.

Ó ku gbèsè kan tí ìwàásù kì í sábà mẹ́nu bà. A lè sọ fún opó tó ní ewúrẹ́ mẹ́ta pé kí ó má ta èyí tó ń ṣàìsàn, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbọ́, tó so ó mọ́lẹ̀, tó sì kú, òun nìkan ló pàdánù nígbà tí gbogbo abúlé jèrè. Nínú òfin sákà, ìtọrẹ ọ̀ranyàn àwọn Mùsùlùmí, agbo ewúrẹ́ tí kò bá tó 40 kò ní sákà lórí. Ẹni tó ní mẹ́ta péré lè yẹ ní ẹni tí à ń fún. Mọ́sálásí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ lè jọ ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀, kí wọ́n fi ra abo ewúrẹ́ kan tó ti gba abẹ́rẹ́ fún ẹni tó pàdánù nítorí pé ó sọ òótọ́. Kí ìmáàmù kéde ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ní oṣù kan ṣáájú Iléyá, kí pásítọ̀ kéde tirẹ̀ ní oṣù kọkànlá, kí baálẹ̀ sì ránṣẹ́ pe dókítà ẹranko ìjọba ìbílẹ̀ nígbà tí ikọ́ ṣì wà lẹ́nu ewúrẹ́ kan ṣoṣo.